Iná Kékeré Mẹ́ta Lórí Kíbọ́ọ̀dù

Ní igun ọ̀tún lókè kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà orí tábìlì, iná kéékèèké mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n tò sórí ìlà kan náà. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n kọ nọ́ńbà 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n kọ lẹ́tà A sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, wọ́n sì ya ọfà kékeré tó dorí kodò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta. Ti àtijọ́ sábà máa ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ti òde òní fẹ́ràn búlúù àti funfun. Àkọ́kọ́ ni Num Lock, tó ń sọ fún wa pé àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà apá ọ̀tún ti ṣe tán láti kọ nọ́ńbà. Ìkejì ni Caps Lock, tó ń sọ pé lẹ́tà ńlá là ń tẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni ìkejì yìí ń ṣe nígbà tí a bá ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ojú ẹ̀rọ ń fi bò wá lójú. Ìkẹta, Scroll Lock, kò fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe mọ́. Àwọn tó ń lo Excel ṣì máa ń bá a pàdé, nígbà tí bọ́tìnnì ọlọ́fà kò bá gbé wọn láti inú àpótí kan bọ́ sínú òmíràn mọ́, tó jẹ́ pé gbogbo ojú ìwé ló ń yí lọ. Ìkẹta tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bọ́tìnnì ló ń tan iná, pé wáyà kan nínú kíbọ́ọ̀dù ló so Caps Lock mọ́ gílóòbù rẹ̀, tí ìka bá ti kàn án báyìí, ó ti tàn. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ Caps Lock, kíbọ́ọ̀dù kàn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì lágbájá ni. Kọ̀ǹpútà ló máa gbọ́, òun ló máa pinnu ohun tí títẹ̀ yẹn já mọ́, òun náà ni yóò sì ránṣẹ́ padà sí kíbọ́ọ̀dù pé kó tan iná. Àlọ àti àbọ̀ yìí yá débi pé ojú wa ò lè bá a. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi máa ń tẹ Caps Lock nígbà tí ẹ̀rọ bá dákú, tí máòsì ò sún mọ́. Bí iná bá ń tàn tó ń kú bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ṣì gbọ́rọ̀, a lè ní sùúrù fún un. Bí iná bá dúró gbọin sójú kan, tí ìka tẹ̀ ẹ́ títí tí kò yí padà, ó ti lọ nìyẹn, kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn ló kù. N kò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó kéré tó báyìí tó sì ń sọ òótọ́ tó báyìí.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù ti ń gbọ́rọ̀. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde lọ́dún 1981, bọ́tìnnì 83 ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kò sì sí iná kankan níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù yẹn lè sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́. Caps Lock wà lórí rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀wé ò lè mọ ipò tó wà àfi kó tẹ lẹ́tà kan kó sì gbójú sókè wo ojú ẹ̀rọ. Lọ́dún 1984 ni PC AT dé pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnnì 84, tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń gbọ́, iná mẹ́ta náà sì bá a dé. Láti ìgbà náà títí di òní, ọ̀nà tí iná yẹn ń gbà tàn kò tíì yí padà ní ti ìpìlẹ̀.

Èdè tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ ṣe ṣókí, ó sì dára lójú mi. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà 237 ránṣẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ iná ló délẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù á fi 250 dáhùn pé òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á wá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo tì í: 1 fún Scroll Lock, 2 fún Num Lock, 4 fún Caps Lock. Bó bá fẹ́ kí méjì tàn pa pọ̀, á ro nọ́ńbà wọn pọ̀ ni. 7 ń tan gbogbo wọn, òdo ń pa gbogbo wọn, kò sì sí bí a ṣe lè ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí àpapọ̀ kan á fi jọ òmíràn. USB tó wá gba ipò wáyà àtijọ́ kàn tún ìtò náà tò ni: Num Lock di 1, Caps Lock di 2, Scroll Lock di 4. Ó tún wá àyè fún iná méjì mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn, Kana, wà fún àwọn ará Japan tó ń kọ èdè wọn.

Nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún iná, iná náà lè jíṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ó lè sọ fún wa pé lẹ́tà íméèlì ti wọlé. Ó lè tàn nígbà tí fáìlì ńlá tí a ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bá parí, kí ẹni tó pa ojú ẹ̀rọ nítorí owó iná mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Fún ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé tí wọn ò ti fẹ́ ariwo, iná yìí lè dípò agogo. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rán an níṣẹ́.

Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo fi máa ṣàpẹẹrẹ, torí pé ohun gbogbo ló hàn síta níbẹ̀. Iná kọ̀ọ̀kan ní fólídà tirẹ̀ lábẹ́ /sys/class/leds, orúkọ wọn sì máa ń rí báyìí: input3::numlock, input3::capslock, input3::scrolllock. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé input lè yàtọ̀ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Nínú fólídà kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ brightness. Bí a bá kọ 1 sínú rẹ̀, iná á tàn. Bí a bá kọ 0, á kú. Àmọ́ root, ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, nìkan ni wọ́n gbà láàyè láti kọ nǹkan síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ní yàrá kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ̀ tò sílẹ̀, kò sí èyí tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá lọ́wọ́ nínú wọn. Bí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀rọ á sọ fún wọn pé wọn ò gbàṣẹ.

Ó lè jọ pé ìkanra ni wọ́n fi ṣe òfin bẹ́ẹ̀. Kí ni iná tín-ín-rín fẹ́ bàjẹ́? Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí inú bí sí i, mo sì mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iná náà ti ń gba ọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kan lábẹ́ /dev/input. Ibẹ̀ ni gbogbo bọ́tìnnì tí a bá tẹ̀ ń gbà kọjá wọlé, ibẹ̀ kan náà sì ni àṣẹ iná lè gbà jáde lọ bá kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ráyè ka fáìlì yẹn yóò rí gbogbo ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀: ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì, lẹ́tà sí ìyàwó, orúkọ aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà dókítà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe tì í pa.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ bẹ ọ̀gá ẹ̀rọ kó fi orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ input, kí ọ̀nà lè là. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Òótọ́ ni pé iná á máa tàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ètò yòówù tí ẹ bá ṣí, ìbáà jẹ́ eré tí ẹ gbà láti ibi tí ẹ ò mọ̀, lè máa ka gbogbo bọ́tìnnì tí wọ́n bá tẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, títí kan èyí tí ẹlòmíràn tẹ̀. Owó iná kékeré kò yẹ kó wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó dára ni èyí tí systemd, àkójọ ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sì ń mójú tó o lórí ọ̀pọ̀ Linux, là sílẹ̀ lọ́dún 2019, nígbà tí ẹ̀dà 243 rẹ̀ jáde. Lára systemd, ètò kan wà tó ń jẹ́ logind, òun ló ń mójú tó àwọn tó wọlé sórí ẹ̀rọ: ta ló wọlé, ibo ló gbà wọlé, ta ló wà níwájú ẹ̀rọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n fún logind ní iṣẹ́ tuntun kan tí wọ́n pè ní SetBrightness. Ẹni tó bá fẹ́ tan iná á tọ logind lọ, á dárúkọ iná àti nọ́ńbà tó fẹ́. Logind á wá yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ìwọ lo ni ìjókòó tí o fi ń béèrè? Ṣé ìjókòó náà so mọ́ ojú ẹ̀rọ àti kíbọ́ọ̀dù gidi? Ṣé òun ló wà níwájú báyìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀, logind fúnra rẹ̀ á lọ kọ nọ́ńbà náà sínú brightness. Kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ṣí fáìlì tí bọ́tìnnì ń gbà kọjá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà jíjìn wọlé pẹ̀lú ssh, logind á dá a padà, torí kò jókòó sí ẹ̀rọ náà rárá. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́yìn nítorí pé ẹlòmíràn ti gba iwájú ẹ̀rọ, á dá òun náà padà. Bí ayálégbé ṣe lè tan gílóòbù yàrá rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, tí kò sì lè ṣí àpótí míta, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Mo ka èyí sí ọ̀kan lára àwọn ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu jù tí mo ti rí nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Iná tó wà níwájú mi, tí ojú mi nìkan ń rí, tí ìka mi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn, èmi tí mo jókòó tì í ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọn ò wo ipò mi, wọn ò wo bóyá ọ̀gá ni mí. Ibi tí mo jókòó sí ni wọ́n wò. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ brightnessctl mọ bí a ṣe ń bá logind sọ̀rọ̀ lórí èyí, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ pọ̀ mọ́ systemd. Àṣẹ rẹ̀ kò gùn:

brightnessctl --device='input3::scrolllock' set 1

Iná ìkẹta á tàn. Bí a bá fi 0 sí ipò 1, á kú.

Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀nà kan ti wà tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa. X, ètò tó ń ya wíńdò sójú ẹ̀rọ lórí Linux àti Unix, tí ẹ̀dà 11 rẹ̀ jáde lọ́dún 1987, ni ó di kíbọ́ọ̀dù mú dípò wa. Nígbà tó jẹ́ pé X ló ń bá kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, àwa kàn máa bá X sọ̀rọ̀ ni, a ò nílò agbára ọ̀gá:

xset led named 'Scroll Lock'

Bí a bá fẹ́ pa á, a ó fi àmì ìyọkúrò síwájú led. Ibi tí Scroll Lock ti gbayì lójú mi nìyí. Nínú ètò àtẹ bọ́tìnnì tí X ń lò, wọ́n ti de iná Caps Lock àti Num Lock mọ́ ipò bọ́tìnnì wọn, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi àṣẹ ọ̀tọ̀ tàn wọ́n. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí iná Caps Lock bá lè purọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́ mọ́ nígbà tó bá ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà? Scroll Lock tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Fún àwọn tí kì í lo wíńdò, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójú dúdú tó kún fún ọ̀rọ̀ nìkan, setleds -L +scroll ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ojú tí wọ́n fúnra wọn gbà wọlé. Lórí Wayland tó ń gba ipò X, xset kò débẹ̀ mọ́, ti logind ló kù.

Àǹfààní xset kò mọ sórí iná tín-ín-rín o. Àwọn kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kan wà, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí iná wà lábẹ́ gbogbo bọ́tìnnì wọn. Ẹni tó ṣe wọ́n so gbogbo iná abẹ́ bọ́tìnnì yẹn mọ́ iná Scroll Lock. Lórí Windows, bí a bá tẹ Scroll Lock, kọ̀ǹpútà á dáhùn, gbogbo kíbọ́ọ̀dù á sì mọ́lẹ̀. Lórí Linux, ọ̀pọ̀ ìgbà ni Scroll Lock kò ní ìtumọ̀ kankan lójú X. Kọ̀ǹpútà gbọ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò rí ìdí tó fi yẹ kó dáhùn, kíbọ́ọ̀dù á sì wà nínú òkùnkùn. Ẹni tó rà á á máa rò pé wọ́n ta òkú ọjà fún òun. Àṣẹ xset yẹn ni ìwòsàn rẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n ti mú iná lọ, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́ lórí ínfátà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á yọ lójú bọ́tìnnì rẹ̀ láti Q títí dé M, etí bọ́tìnnì pàápàá á máa dán. Ẹni tó ń tẹ̀wé lóru lórílẹ̀-èdè wa mọ iyì rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀rọ tí mo máa ń fojú sí. Nínú fólídà iná, fáìlì mìíràn ń jẹ́ trigger. Ẹni tó bá kọ heartbeat síbẹ̀ ti sọ iná yẹn di ìlù ọkàn ẹ̀rọ. Iná á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á sinmi, á tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ni ó ṣe ń yára sí: nígbà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìlù kan ń gba mìlísẹ́kọ́ńdù 1,260 (1,000 wọn ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), bí ẹrù rẹ̀ bá di 1, ó di 860, bó bá di 5, ó di 510, bó ti wù kí wàhálà pọ̀ tó, kì í wá sísàlẹ̀ 300. Logind kì í bá wa kọ nǹkan sínú trigger. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ ìlà mẹ́rin-márùn-ún ní bash, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún Linux, lè fi xset tàn án kó sì pa á, kó fi sleep dá àlàfo sáàárín, kó máa ka ẹrù ẹ̀rọ nínú /proc/loadavg tí gbogbo ayé ní àyè láti kà. Ìlù náà á jáde, ọ̀gá ò sì ní gbọ́ sí i.

Mi ò ní fi apá kejì ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ohun tó lè jíṣẹ́ fún wa lè jíṣẹ́ fún olè. Lọ́dún 1999, Neal Stephenson kọ ìwé ìtàn Cryptonomicon, níbi tí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ti mú kí iná kíbọ́ọ̀dù máa ṣẹ́jú ní èdè Morse, kí àwọn tó ń ṣọ́ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ má bàa rí ohun tó ń kà. Lọ́dún 2002, Joe Loughry àti David Umphress tẹ ìwádìí wọn jáde nípa bí iná ara ẹ̀rọ ṣe lè tú àṣírí síta. Lọ́dún 2019, Mordechai Guri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ben-Gurion ní Ísírẹ́lì fi hàn pé iná kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè fi bíìtì, ìyẹn 0 tàbí 1, tó tó 3,000 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ohun èlò tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ bá ń wò ó. Kámẹ́rà fóònù lásán ń gba ohun tó ju 120 lọ. Ètò burúkú gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ wọnú ẹ̀rọ náà, kí kámẹ́rà sì wà níbi tó ti lè rí iná ọ̀hún. Níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ àṣírí ìjọba, kí wọ́n fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ pa. Àwa yòókù lè fi tiwa sílẹ̀ kó máa tàn.

Èyí tó wúlò jù fún ẹni tó ń kọ Yorùbá ni mo fi pa mọ́ di ìsinsìnyí. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú àkójọ àtẹ tí X ń lò, lábẹ́ ng, ìyẹn Nàìjíríà. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pa pọ̀ máa ń pààrọ̀ àtẹ nígbà gbogbo, wàhálà rẹ̀ sì ni pé bọ́tìnnì kò yí àwọ̀ padà. Ó lè tẹ ìdajì gbólóhùn kó tó rí i pé àtẹ kejì lòun wà, tí àwọn bọ́tìnnì kan ti ń mú lẹ́tà mìíràn jáde. Ìlà kan ṣoṣo yìí yanjú rẹ̀:

setxkbmap -layout us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle,grp_led:scroll

Alt pẹ̀lú Shift ni yóò máa pààrọ̀ àtẹ. Apá ìkẹyìn, grp_led:scroll, ló gbé iṣẹ́ lé Scroll Lock lọ́wọ́: bí àtẹ Gẹ̀ẹ́sì bá wà níwájú, iná ìkẹta á kú, bí ti Yorùbá bá wọlé, á tàn. Kò gba ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá, kò sì yí ohunkóhun padà fún ẹlòmíràn tó ń lo ẹ̀rọ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè kọ ìlà náà sínú fáìlì .xprofile nínú fólídà tirẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ bá ń ka fáìlì yẹn nígbà tí a bá wọlé. Àwọn tó ń kọ Ìgbò tàbí Haúsá lè fi igbo tàbí hausa rọ́pò yoruba nínú ìlà náà. Inú àkójọ kan náà ni àtẹ tiwọn wà.